Bí ẹ ṣe lè yan dátábéèsì tó bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín mu

Ohun tí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ṣe áàpù fún wọn ni pé, “Dátábéèsì wo ló dára jù?” Dátábéèsì ni ibi tí áàpù ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ sí. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Èyí tó ní ìdáhùn ni pé: ọwọ́ mélòó ni yóò máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ nígbà kan náà, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá ti ríṣẹ́ sí Èkó tàbí tó ti jáàpá? Ẹgbẹ́ tó bá ti dáhùn méjèèjì ti yan dátábéèsì tán, orúkọ rẹ̀ ló kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3,000. Olú ọ́fíìsì wà ní Tankẹ ní Ìlọrin, ẹ̀ka kan wà ní Ọ̀fà, òmíràn wà ní Òmù-Àrán. Wọ́n ń gba owó ìfipamọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń yáni lówó, onídùúró méjì ló sì ń fọwọ́ sí ìwé ẹni tó bá yáwó. Agbowó márùn-ún ló wà: mẹ́ta ní Ìlọrin, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka méjèèjì.

Bí ẹgbẹ́ yín bá kéré gan-an ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹni kan ṣoṣo ló ń kọ ìwé owó, tí ọmọ ẹgbẹ́ kò sì ju igba lọ, Excel tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Ojú ìwé Excel kan gba ìlà 1,048,576, nítorí náà kì í ṣe àyè ló ń lé èèyàn kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń léni ni pé èèyàn méjì á ṣí ẹ̀dà fáìlì kan náà, ẹni àkọ́kọ́ á tọ́jú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹnì kejì á fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, owó tí ẹni àkọ́kọ́ kọ á sì di àwátì. Ó tún máa ń yọ òdo iwájú nọ́ńbà fóònù, 0803 á di 803. Bí agbowó bá sì kọ “ẹgbẹ̀rún méjì” síbi tó yẹ kí 2000 wà, kò ní bá a wí.

Ẹ ṣe ìṣirò lórí bébà

Ọmọ ẹgbẹ́ 3,000 tó ń sanwó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yóò mú ìlà 3,000 wá lọ́sẹ̀, ìyẹn 156,000 lọ́dún. Lọ́dún mẹ́wàá, ó di 1,560,000. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gba nǹkan bíi báìtì 200, gbogbo rẹ̀ jẹ́ MB 312. Ẹ ka àwọn atọ́ka (ohun tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà) mọ́ ọn, kò ní ju GB kan lọ. Fóònù tó wà lápò yín gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ra dátábéèsì olówó ńlá torí pé dátà yín máa pọ̀, ìṣirò yìí ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀.

Àwòrán ló ń jẹ àyè. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù 3,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ KB 200, jẹ́ MB 600. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìwé owó ọdún mẹ́wàá. Ẹ kó fọ́tò sínú fódà lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀), orúkọ fáìlì nìkan ni kí ẹ kọ sínú dátábéèsì, kí ẹ̀dà ìpamọ́ alaalẹ́ má baà wúwo.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ọwọ́, ẹ má sì da àwọn tó ń wò pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ. Igba ọmọ ẹgbẹ́ lè máa wo owó wọn lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí dátábéèsì nínú àwọn tí a ó dárúkọ yìí tí ìyẹn máa dà láàmú. Àwọn tó ń kọ owó wọlé ni kí ẹ fojú sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, márùn-ún ni wọ́n, ẹ wá fi àwọn owó tó ń gba orí fóònù wọlé fúnra wọn kún un.

SQLite: fáìlì kan ṣoṣo

D. Richard Hipp ló dá SQLite sílẹ̀ ní ọdún 2000, òun ló sì wà nínú gbogbo fóònù Android. Kò ní sáfà tirẹ̀. Gbogbo dátábéèsì jẹ́ fáìlì kan, kò sí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹnikẹ́ni máa gbàgbé, kò sí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ tó lè dákú. Ilé ìtajà kan ní Ìpàtà tàbí Ọjà Ọba tó ní kọ̀ǹpútà kan kò nílò ju èyí lọ.

Òfin rẹ̀ kan ni pé ẹni kan ṣoṣo ló lè kọ nǹkan sínú fáìlì náà lásìkò kan. Àwọn yòókù á dúró. Kíkọ ìlà kan kì í pẹ́ rárá, nítorí náà agbowó márùn-ún kò ní mọ̀ pé àwọn ń tò sẹ́yìn ara wọn, àfi bí ẹni tó kọ áàpù bá gbàgbé láti sọ fún SQLite pé kó mú sùúrù. Nígbà náà ni “database is locked” máa ń yọ lójú agbowó. Àṣẹ mẹ́ta ni ẹ ó ní kó fi sí i: PRAGMA journal_mode=WAL, kí ẹni tó ń kọ má dí ẹni tó ń kà lọ́wọ́; PRAGMA busy_timeout=5000, kó lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kó tó kígbe; àti PRAGMA foreign_keys=ON, kí ẹnikẹ́ni má lè kọ owó sórúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí kò sí. Èyí àkọ́kọ́ máa ń wà nínú fáìlì títí. Méjì tó kù, ìgbàkígbà tí áàpù bá ṣí dátábéèsì ló gbọ́dọ̀ tún wọn sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú.

Ohun mìíràn tún wà. SQLite máa ń gba ọ̀rọ̀ sínú òpó tí ẹ pè ní ti nọ́ńbà, “ẹgbẹ̀rún méjì” ti Excel á sì tún padà wá. Ẹ fi STRICT sí ìparí àṣẹ CREATE TABLE. Láti ẹ̀dà 3.37, tó jáde ní 2021, ló ti wà.

Ibi tí SQLite ti ń ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni kí ẹ gbé fáìlì náà sínú fódà àjọlò, kí kọ̀ǹpútà Ọ̀fà àti ti Ìlọrin wá máa ṣí i láti ọ̀nà jíjìn. Títì tí SQLite gbára lé kì í ṣe é fọkàn tán lórí irú fódà bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì lè rò pé àwọn nìkan ló ń kọ, fáìlì á sì bàjẹ́. Àwọn ẹ̀ka lè lò ó o, ṣùgbọ́n áàpù kan lórí sáfà kan ni kí gbogbo wọn gbà wọlé, kí áàpù yẹn nìkan sì máa fọwọ́ kan fáìlì.

MySQL àti MariaDB

Bí ẹ bá yá àyè alájọpín lórí sáfà, irú èyí tó ní cPanel (ojú ìwé tí wọ́n fi ń darí sáfà), ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí lẹ ó bá níbẹ̀. MySQL jáde ní 1995, Oracle ló ni ín báyìí. Michael Widenius, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, ló yà á sọ́tọ̀ di MariaDB ní 2009. Fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Èrè wọn tó tóbi jù ni pé ó rọrùn láti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n: ọmọ tó bá ti kọ́ PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù orí wẹ́ẹ̀bù, ti fọwọ́ kàn án rí. Bí akọ̀wé yín bá ń wá ẹlòmíì tó máa bá a tún áàpù ṣe, kò ní pẹ́ kó tó rí i.

Bí ẹ bá jogún dátábéèsì àtijọ́, ẹ ṣe SHOW TABLE STATUS, kí ẹ wo òpó Engine, ìyẹn ọ̀nà tí MySQL ń gbà pa tábìlì mọ́. Bí ẹ bá rí MyISAM níbẹ̀, ewu ni. MyISAM máa ń ti odindi tábìlì nítorí ìlà kan, kò mọ ohun tó ń jẹ́ transaction (kí ìkọ̀wé méjì jọ wọlé tàbí kí ọ̀kankan má wọlé), bí iná bá sì lọ lójijì, tábìlì lè bàjẹ́. InnoDB, irú Engine mìíràn, máa ń ti ìlà tó kàn nìkan, ó sì lè tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí iná bá dé. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ lo ALTER TABLE pẹ̀lú ENGINE=InnoDB fún tábìlì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún bèèrè ẹ̀dà wo ni. MySQL tó ṣáájú 8.0.16 máa ń gba CHECK (òfin lórí ohun tó lè wọ òpó) tí ẹ kọ láìjiyàn, kò sì ní ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ pé owó ìfipamọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ sábẹ́ òdo, kí ó sì lọ sábẹ́ òdo lójú yín.

PostgreSQL

Bí ẹ bá ní sáfà tiyín, àti ẹni tó lè jókòó tì í, èyí ni a ó yàn fún ẹgbẹ́ àpẹẹrẹ wa. Ìwé owó tó ní àwìn, èlé, onídùúró àti owó ìtanràn nílò dátábéèsì tó le koko, PostgreSQL sì le. CHECK rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ń yí ìrísí tábìlì padà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ láàárín, gbogbo ìyípadà náà lè padà sẹ́yìn bí ẹni pé ẹ kò bẹ̀rẹ̀. Ní MySQL, ibi tó dúró sí lẹ ó ti bá a.

Àbójútó rẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá so mọ́ ọn máa ń gba àyè tirẹ̀ nínú ìrántí (RAM) kọ̀ǹpútà. Iye àwọn tó lè so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà láti ìpilẹ̀ jẹ́ 100. Lórí sáfà tó ní GB kan péré, ẹ má sọ ọ́ di 500 nítorí pé áàpù ní ààyè ti kún. Ẹ fi PgBouncer, tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pín ìsopọ̀ díẹ̀ lò, sáàárín, tàbí kí ẹ ṣàtúnṣe áàpù tó ń ṣílẹ̀kùn tí kì í tì í. Bákan náà, láti ẹ̀dà ńlá kan bọ́ sí òmíràn, 15 sí 16 bí àpẹẹrẹ, fáìlì àtijọ́ kò ní ṣí fúnra rẹ̀: pg_upgrade ni, tàbí kí ẹ tú dátà jáde kí ẹ tún dà á padà. Ẹni tí kò mọ èyí á sọ sáfà di tuntun lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn agbowó á sì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọn ò ní bá ohun tí wọ́n máa ṣí.

Àwọn kan á dábàá MongoDB. Iṣẹ́ tó dáa wà fún un, ṣùgbọ́n ìwé owó níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń ṣe onídùúró fún méjì, tí òun náà sì jẹ gbèsè tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Orúkọ àwọn èèyàn wa

Ibí ni ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn ará òkè òkun kì í dé. Ní Ìlọrin, ẹnì kan náà lè jẹ́ AbdulRaheem nínú ìwé ìdìbò, Abdul-Rahim ní báńkì, Abdurraheem lórí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́. Orúkọ kò lè jẹ́ ìdánimọ̀. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni ìdánimọ̀, dátábéèsì fúnra rẹ̀ ni kó sì máa fún wọn. Nọ́ńbà fóònù pàápàá kò ṣe é fi ṣe UNIQUE (òfin pé ìlà méjì kò gbọ́dọ̀ ní ohun kan náà), torí tọkọtaya tàbí ìyá àgbà àti ọmọ rẹ̀ lè máa lo ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi pa á mọ́, kì í ṣe nọ́ńbà, kí òdo iwájú má baà sọnù.

Àmì ohùn ńkọ́? MySQL 8 máa ń fi utf8mb4_0900_ai_ci ṣe ìfiwéra láti ìpilẹ̀, kì í sì í ka àmì orí tàbí àmì ìsàlẹ̀ sí. Lójú rẹ̀, Òjó, Ojo àti Ọjọ́ jẹ́ ọ̀kan. Fún wíwá orúkọ, ó dára. Ẹni tó tẹ “Ofa” á rí “Ọ̀fà”. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi UNIQUE sórí irú òpó bẹ́ẹ̀, á ní “Duplicate entry”, á sì kọ ẹnì kejì. PostgreSQL láti ìpilẹ̀ kì í dà wọ́n pọ̀, nítorí náà wíwá ló máa fún yín níṣòro níbẹ̀. SQLite ní tirẹ̀, bí ẹ bá lo LIKE, kò mọ̀ pé Ẹ ńlá àti ẹ kékeré bára tan; A títí dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ̀.

Ọ̀nà kan wà tó bá gbogbo wọn mu: ẹ fi òpó kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, kí áàpù máa kọ orúkọ kan náà síbẹ̀ láìsí àmì, láìsí àlàfo tàbí àmì ìsopọ̀ (-), ní lẹ́tà kékeré. Orúkọ tó ní àmì ni kí ẹ tẹ̀ sórí rìsíìtì, èyí tí kò ní ni kí ẹ fi wá èèyàn.

Dátábéèsì MySQL àtijọ́ tó wà lórí latin1, ètò lẹ́tà àtijọ́, lè gba é àti ó, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ á di “?”. Ohun tó bá ti di “?” kò ṣe é gbà padà, àfi kí ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù bébà. Èyí tó ń jẹ́ utf8 lásán nínú MySQL gba Yorùbá dáadáa, nítorí pé báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà “ẹ” ń gbà. Emójì tó nílò báìtì mẹ́rin ló máa ń dà á rú nígbà tí ẹnì kan bá fi kún ọ̀rọ̀ àlàyé owó rẹ̀. utf8mb4 ni kí ẹ lò.

Ó ku ẹyọ kan tó ṣòroó rí. “ẹ́” kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Bọ́tìnnì fóònù kan lè fi ẹ ránṣẹ́ kó tó fi àmì òkè tẹ̀lé e, òmíràn lè fi é ránṣẹ́ kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú èèyàn ọ̀kan ni wọ́n; lójú dátábéèsì tó ń fi báìtì wé báìtì, méjì ni. Ẹ jẹ́ kí áàpù sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, kó tó pa á mọ́: JavaScript ní normalize('NFC'), PHP ní Normalizer, PostgreSQL fúnra rẹ̀ ní normalize() láti ẹ̀dà 13. Láti dán an wò, ẹ tẹ “Ọ̀fà” lórí Android, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù Windows, kí ẹ wá wò ó bóyá wíwá ọ̀kan á mú èkejì wá.

Owó, àkókò àti iná

FLOAT, irú òpó tó ń pa nọ́ńbà mọ́ ní ìsúnmọ́, kò gbọ́dọ̀ kan owó. Kò lè di 0.1 mú gẹ́lẹ́, àṣẹ́kù tíntìntín á sì máa kóra jọ títí ìwé owó kò fi ní bára mu. Ẹ lo DECIMAL(14,2), tàbí kí ẹ ka owó ní kọ́bọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà odindi: ₦1,500.50 á di 150050. Lórí SQLite, ti kọ́bọ̀ ni kí ẹ mú, torí DECIMAL tòótọ́ kò sí níbẹ̀.

Àkókò sáfà sábà máa ń wà ní UTC, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú. Owó tó wọlé ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru á hàn sí ọjọ́ àná bí áàpù kò bá yí i padà. Ẹ tún fi òpó méjì sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sanwó àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dákú ní Òmù-Àrán, agbowó á kọ rìsíìtì sínú ìwé, á sì fi í wọlé lọ́jọ́ kejì láìparọ́ ọjọ́.

Sísan gbèsè láti inú owó ìfipamọ́ jẹ́ ìkọ̀wé méjì: ẹ yọ níbí, ẹ fi kún ibẹ̀ yẹn. Transaction ló ń rí i pé méjèèjì wọlé tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì, tí kò sì sí transaction, owó ọmọ ẹgbẹ́ ti dín kù, gbèsè rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà. Kí ohun tí ẹ kọ lè dé orí díìsìkì gan-an kí iná tó lọ, ẹ jẹ́ kí innodb_flush_log_at_trx_commit wà ní 1 nínú MySQL, kí fsync wà ní on nínú PostgreSQL, kí synchronous wà ní FULL nínú SQLite. Ẹ ó rí ẹni tó máa ní kí ẹ pa wọ́n kí áàpù lè yá. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, a kò gbà á níyànjú. Bí sáfà bá wà nínú ọ́fíìsì, UPS kékeré tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ fi pa á dáadáa pọn dandan.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ ní kí ẹni tó ń kọ áàpù da ìlà ayédèrú 1,560,000 sínú tábìlì owó. Ẹ wá owó ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ẹ fi EXPLAIN síwájú ìbéèrè náà, kí dátábéèsì lè sọ bó ṣe ń wá a. Ní SQLite, EXPLAIN QUERY PLAN ni. Bí MySQL bá kọ ALL sí òpó type, bí PostgreSQL bá kọ Seq Scan, bí SQLite bá kọ SCAN, ó ń ka gbogbo ìlà látòkè délẹ̀. Ẹ fi atọ́ka sórí òpó nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ tún wò: ref, Index Scan tàbí Bitmap, àti SEARCH ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù tí wọ́n ní dátábéèsì rẹ̀ kò dára, atọ́ka ni kò ní.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó máa kọ ìlà wọlé lọ, kí ẹ yọ wáyà iná lára kọ̀ǹpútà. Ẹ tan án padà, kí ẹ ka iye tí áàpù sọ pé ó wọlé àti iye tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, tí àwọn ètò òkè yìí sì wà bó ṣe yẹ, ẹ fura sí díìsìkì olówó pọ́ọ́kú tó ń sọ pé òun ti kọ nǹkan nígbà tí kò tíì kọ ọ́.

Ẹ̀dà ìpamọ́ àti kọ́kọ́rọ́

Alaalẹ́ ni. Fún MySQL, mysqldump pẹ̀lú --single-transaction, kí iṣẹ́ má baà dúró. Fún PostgreSQL, pg_dump -Fc. Fún SQLite, ẹ má ṣe kópì fáìlì lásán nígbà tí áàpù ń ṣiṣẹ́, nítorí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lè ṣì wà nínú fáìlì -wal tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ lo .backup tàbí VACUUM INTO. Ẹ pa méje ti ọjọ́ mọ́, mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀, méjìlá ti oṣù, kí ẹyọ kan sì máa wà níta sáfà náà, ní ọ́fíìsì Ọ̀fà bí àpẹẹrẹ. Lóṣooṣù, ẹ dà á padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi iye ìlà àti àròpọ̀ owó ìfipamọ́ wé ti gidi. Ẹ̀dà tí ẹ kò dà padà rí, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó wà.

Ojú ọ̀nà 3306 (ti MySQL), 5432 (ti PostgreSQL) àti irú wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì. Áàpù nìkan ni kó lè dé ibẹ̀, kó má sì fi root, orúkọ tó ní gbogbo àṣẹ, wọlé. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 mú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ, fóònù àti fọ́tò èèyàn, nítorí náà bí ẹ kò bá nílò BVN tàbí NIN, ẹ má gbà á.

Ẹ fi orúkọ àti ímeèlì ẹgbẹ́ yá sáfà, kì í ṣe ti ọmọ tó ṣe áàpù. Bí owó dọ́là bá ń jáde lórí káàdì, ẹ sanwó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, torí sáfà tí káàdì rẹ̀ kọ̀ lè di pípa pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ fi sínú àpòòwé méjì tí ẹ lẹ̀ pa: ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì lọ́wọ́ akápò. Ọjọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú sáfà bá lọ, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an.